Ìjà Òrè àti Ìlú Bìní lí Ọdún 1967

Nígbàtí ọ̀rọ̀ kan bá le ju bí ènìyàn ti rò lọ, àwọn ará wa a máa wí pé, "Ó le kú, ìjà Òrè!" Ọlọ́jà a wí i, awakọ̀ a wí i, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá a fi í ṣe àwàdà nígbàtí ìdánwò bá sú u. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè pé, "Àwọn ta li ó jà lí Òrè? Kí ni wọ́n ń jà sí? Níbo ni wọ́n ti ń bọ̀, níbo ni wọ́n sì ń lọ?" díẹ̀ nínú wọn ni yóò lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó bí i ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí àwọn àgbà tí ó ṣe ojú wọn ti ń lọ. Nítorí èyí li a ṣe rò pé ó tọ́ kí a to ọ̀ràn náà lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìtàn, kí ó má baà jẹ́ pé àṣàyàn ọ̀rọ̀ nìkan li a ó fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Ohun èkíní tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé, a kò ja ìjà Òrè nítorí Òrè. Ní ìgbà náà ìlú kékeré ni Òrè jẹ́ láàárín igbó ńlá ìhà gúúsù ilẹ̀ Oǹdó, ìlú àwọn àgbẹ̀ àti àwọn agégẹdú. Ọ̀nà li ó sọ ọ́ di ńlá. Ẹnití ó bá ti Bìní bọ̀, lí Òrè li ọ̀nà ti yà sí méjì fún un: ọ̀kan gba Oǹdó lọ sí Ìbàdàn, èkejì gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó. Ẹnití ó bá di Òrè mú ti di ilẹ̀kùn ilẹ̀ Yorùbá mú. Ìlú Bìní gan-an li a ń jà sí, èyítí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Bìáfrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967. Nítorí náà ẹnití yóò mọ ìjà Òrè níláti kọ́kọ́ mọ bí Bìní ti bọ́, àti bí a ti gbà á padà.

BÌNÍ ÀTI ÀWA

Bìní kì í ṣe ilé àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ìtàn tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́ wí pé Ọ̀rànmíyàn, ọmọ Ifẹ̀, dé Bìní, ó sì bí ọmọ tí ó jọba níbẹ̀, láti ara ẹnití àwọn ọba Bìní ti ń jẹ títí di òní. Láti Bìní li ìdílé ọba Èkó pẹ̀lú ti ṣẹ̀. Lí ọjọ́ tiwa, títí di ọdún 1963, abẹ́ ìjọba kan náà tí ó wà ní Ìbàdàn ni Bìní àti ilẹ̀ Yorùbá wà. Ọdún náà ni àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé kí a fún àwọn ní agbègbè tiwọn, a sì dá Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, Bìní sì di olú-ìlú rẹ̀.

Ìlú náà ti mọ ohun tí ó jẹ́ kí ogun wọlé tọni rí. Lí oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, iná jó ìlú, a kó àwọn ohun ọnà ààfin lọ sí òkè òkun, a sì mú ọba, Ovonramwen, lọ sí Calabar, níbití ó kú sí lí ọdún 1914. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Akenzua Kejì, li ó wà lórí ìtẹ́ nígbàtí ogun ọdún 1967 dé. Ẹnití ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà ogun Gẹ̀ẹ́sì di ẹni ọgọ́rin ọdún lí ọdún 1967. Bí irú arúgbó bẹ́ẹ̀ bá wà láàyè, ẹ̀ẹ̀mejì li ojú rẹ̀ rí àjèjì tí ó gbé ìbọn gba ìlú baba rẹ̀ kọjá.

BÍ OGUN TI DÉ

Gbogbo ènìyàn li ó mọ bí ọdún 1966 ti burú tó ní Nàìjíríà. Àwọn ológun gba ìjọba lí oṣù kìíní. Lí oṣù keje àwọn ológun mìíràn dìtẹ̀, a sì pa olórí ìjọba. A pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Ìgbò tí ń gbé ìhà Àríwá, àwọn tí ó kù sì ń sá padà lọ sí ilé pẹ̀lú ọgbẹ́ lára àti ìbínú lí ọkàn. Lí ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Ojukwu kéde pé ìhà Ìlà-Oòrùn ti ya ara rẹ̀ kúrò, ó sì sọ ọ́ di Bìáfrà. Lí ọjọ́ 6 oṣù keje ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí dún.

Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn wà láàárín àwọn oníjà méjèèjì. Odò Ọya nìkan li ó wà láàárín òun àti Bìáfrà. Nínú rẹ̀ ni a ti rí àwọn Ẹ̀dó, Urhobo, Itsekiri, Ijaw, àti àwọn Ìgbò tí ń gbé ìhà ìwọ̀-oòrùn odò náà. Gómìnà ológun rẹ̀, Ọ̀gágun David Ejoor, wí pé òun kò fẹ́ kí a sọ ilẹ̀ òun di pápá ogun. Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹnití ń gbé ojúde kì í pàṣẹ fún àwọn tí ń jà lí ojúde. Pẹ̀lúpẹ̀lù, púpọ̀ nínú àwọn olórí ọmọ ogun kékeré tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò ìhà ìwọ̀-oòrùn odò yìí, àwọn mìíràn nínú wọn sì mọ̀ nípa ohun tí ń bọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Síbẹ̀ kí a má ṣe yára dá wọn lẹ́bi. Ará wọn li a pa lí Àríwá, ará wọn li ó sì wà ní òdìkejì odò.

Lí òwúrọ̀ ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun Bìáfrà gba orí afárá odò Ọya kọjá láti Onitsha sí Asaba. Kíyèsí afárá yìí. A kò tíì lò ó pé ọdún méjì. A kọ́ ọ kí ọjà àti ìbátan lè máa lọ máa bọ̀, ọ̀nà ogun li ó sì kọ́kọ́ dà. Láti Asaba dé Bìní ju ọgọ́rin máìlì lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kan náà tó ṣú, Bìní ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìjà tí ó tó ohun tí a lè ròyìn kò sí. Àwọn ẹ̀ka mìíràn nínú wọn gba ọ̀nà Warri àti Sapele lọ, àwọn mìíràn kọrí sí ìhà Auchi. Gómìnà Ejoor fi ara pamọ́, lẹ́yìn náà li ó yọ́ jáde kúrò ní ìlú. Ìròyìn tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn ni pé kẹ̀kẹ́ ológeere li ó gùn sá lọ, títí ó fi rí ọ̀nà dé Èkó.

Títí di ìgbà náà ìjọba àpapọ̀ ń pe ogun náà ní iṣẹ́ ọlọ́pàá. Lí ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọ̀la ọjọ́ tí Bìní bọ́, Ọ̀gágun Gowon wí pé ó di ogun àjàkú-akátá. Gbígbà tí a gba Bìní li ó yí ohùn ogun náà padà.

Ọ̀GÁGUN BANJO

Ẹnití ó ṣíwájú àwọn ọmọ ogun tí ó gba Bìní kì í ṣe ọmọ Ìgbò. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, Victor Adébùkúnọlá Banjo li orúkọ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ológun ni; ó kọ́ iṣẹ́ ogun ní Sandhurst lí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú, títí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa. Lí oṣù kìíní ọdún 1966, a mú un pé ó fẹ́ pa olórí ìjọba ìgbà náà, a sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n láìṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ìhà Ìlà-Oòrùn ni a tì í mọ́ sí, Ojukwu li ó sì tú u sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ li ó ṣe rí tí ọmọ Ìjẹ̀bú fi di balógun Bìáfrà.

Banjo kò pe ara rẹ̀ ní ajagun-ṣẹ́gun. Nígbàtí ó sọ̀rọ̀ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì láti Bìní, lí ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ohun tí ó wí ni pé ogun òun wá láti dá ènìyàn sílẹ̀, kì í ṣe láti gba ilẹ̀ wọn. Ète rẹ̀ ni láti lé ìjọba tí ó wà lí Èkó kúrò, kí gbogbo Nàìjíríà sì tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò ṣiyèméjì pé ó gba ohun tí ó ń wí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò rí ojútùú sí. Aṣọ Bìáfrà li ó wà lára àwọn ọmọ ogun rẹ̀, owó Bìáfrà li a fi ń bọ́ wọn, ọ̀dọ̀ Bìáfrà ni ọta ìbọn wọn sì ti ń wá. Onílé tí a bá lí orí ibùsùn kò ní bi ẹnití ó já ilẹ̀kùn wọlé léèrè pé irú èrò wo li ó wà lí ọkàn rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni ti àkókò. Nígbàtí Bìní bọ́, ọ̀nà Òrè ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí ó lè dí i kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ogun náà fẹ̀ sẹ́yìn lí Bìní. Banjo àti Ojukwu kò fi ẹnu kò lórí ẹnití yóò ṣe olórí agbègbè tí wọ́n gbà. Banjo kò fẹ́ kí a fi ẹni Bìáfrà jẹ lé àwọn ará Bìní lórí. Ojukwu ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí Banjo sọ ara rẹ̀ di ọba sí ilẹ̀ tí ọmọ ogun òun gbà. Lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn Ojukwu fi dókítà ológun kan, Méjọ̀ Albert Okonkwo, ọmọ Ìgbò ìhà ìwọ̀-oòrùn odò, ṣe olórí. Bí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ ń lọ, Èkó sì ń kó ọmọ ogun jọ.

OHUN TÍ ÌBÀDÀN ṢE

Ní ibi yìí li ọ̀ràn náà ti di ti Yorùbá pátápátá. Bí ìhà Ìwọ̀-Oòrùn bá dìde pẹ̀lú Banjo, tàbí bí ó bá tilẹ̀ dákẹ́ tí ó jẹ́ kí ó kọjá, kò sí ẹnití ó lè sọ ohun tí ìbá ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ lí Èkó.

Kì í ṣe pé àwọn Yorùbá kò ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun tí ó wà lí àgọ́ Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta jẹ́ ọmọ Àríwá, àwọn olórí Yorùbá sì ti béèrè pé kí a kó wọn kúrò. Lí ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wí fún àwọn àgbààgbà Ìwọ̀-Oòrùn pé bí a bá fi ọwọ́ ẹni tàbí àìbìkítà lé Ìlà-Oòrùn jáde kúrò nínú Nàìjíríà, Ìwọ̀-Oòrùn pẹ̀lú kò ní dúró. Ó lọ sí Enugu lí oṣù kan náà láti bẹ Ojukwu. Ẹ̀bẹ̀ náà kò bọ́ sí i. Lí oṣù kẹfà Awólọ́wọ̀ wọ inú ìjọba àpapọ̀, ó sì di igbá-kejì alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àti olùtọ́jú ìṣúra.

Lí oṣù kẹjọ, Wọlé Ṣóyínká, ẹnití ó ti lọ rí Ojukwu lí Enugu láti wá ọ̀nà tí ogun yóò fi dúró, rí Banjo ní Bìní. Banjo fi iṣẹ́ rán an sí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun ní Ìbàdàn, pé kí ó jẹ́ kí ogun òun kọjá lọ sí Èkó. Ọbásanjọ́ kò gbà. A mú Ṣóyínká lí oṣù kan náà, kò sì jáde lẹ́wọ̀n títí di ọdún 1969.

Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, àti àwọn àgbààgbà dúró ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn kan wí pé ìbẹ̀rù ni, àwọn mìíràn wí pé ìmọ̀ràn ọlọgbọ́n ni. Ohun tí a rí ni pé, ṣáájú oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ Yorùbá li ó ń wo ogun náà bí ìjà ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń káàánú fún Ìgbò nítorí ohun tí ojú wọn rí lí Àríwá. Nígbàtí a gbọ́ pé wọ́n ti gba Bìní, tí wọ́n sì ń bọ̀ lí ọ̀nà Òrè, àánú náà di ìfura. Ẹnití ń wí pé òun fẹ́ fi ilẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí li ó ń wá lí ọ̀nà Ìbàdàn? Ìbéèrè yìí ni Banjo kò lè dáhùn, nítorí ìdáhùn rẹ̀ àti ti Ojukwu kì í ṣe ọ̀kan náà.

ÒRÈ

Ogun Bìáfrà dé Òrè kí oṣù kẹjọ tó parí. Ní ibẹ̀ ni wọ́n pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, àwọn tí a kó láti Èkó àti Ìbàdàn, tí a sì ń fi àwọn tuntun kún wọn lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ́ bí a ti ń yin ìbọn. Láti ara irú àwọn wọ̀nyí li a ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kejì sílẹ̀, a sì fi Ọ̀gágun Murtala Muhammed ṣe olórí rẹ̀.

Kí ẹ rántí irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Igbó dí lọ́tùn-ún lósì, àkókò òjò ni, ọ̀dà ojú ọ̀nà nìkan li ó ṣeé gbà fún mótò. Ogun tí kò bá lè kúrò lí ojú ọ̀nà dà bí omi nínú kòtò: iwájú nìkan li ó lè lọ, bí a bá sì dí i níwájú, ó di dandan kí ó padà sẹ́yìn. Wọ́n yìnbọn lu ara wọn lí ojú ọ̀nà àti nínú igbó, ẹ̀gbẹ́ kan a tì, ẹ̀gbẹ́ kejì a tì í padà. Àwọn ará ìlú àti ti àwọn abúlé tí ó yí i ká sá wọ igbó. Ní ọjọ́ wọ̀nyí ni orúkọ Òrè di ohun tí à ń fi ẹ̀rù pè, nítorí àwọn tí ó padà láti ibẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n lè fi ṣàpèjúwe rẹ̀ ju pé ó le, ó le kú.

Bìáfrà kò kọjá Òrè. Nígbàtí oṣù kẹsàn-án wọlé, wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ìhà Bìní. Lí oṣù kan náà àwọn ọmọ ogun ojú omi tí Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ olórí wọn, gba ẹnu odò wọlé, wọ́n sì gba ìhà Warri àti Sapele. Ogun tí ó wà ní Bìní rí i pé ọ̀tá wà níwájú, ọ̀tá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

BÍ A TI GBA BÌNÍ PADÀ

Lí ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, nígbàtí ìbọn Murtala kò jìnnà sí ìlú mọ́, Méjọ̀ Okonkwo kéde láti Bìní pé Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ti di orílẹ̀-èdè olómìnira, Orílẹ̀-èdè Bìní li orúkọ rẹ̀. Kí òǹkàwé má ṣe ṣì í mú fún orílẹ̀-èdè tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn wa, tí à ń pè ní Dahomey tẹ́lẹ̀, tí ó yí orúkọ ara rẹ̀ padà lí ọdún 1975. Orílẹ̀-èdè ti Okonkwo kò pé ọjọ́ kan. Lí ọjọ́ 20, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ ìlú. Àwọn ará Bìní jáde sí ìgboro láti yọ̀ fún wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a fi Samuel Ogbemudia, ọmọ Bìní, ṣe olórí agbègbè náà.

Lí ọjọ́ 22 oṣù kan náà, lí Enugu, Ojukwu mú kí a yìnbọn pa Banjo pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn, Ifeajuna, Alale àti Agbam, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ ológun dá wọn lẹ́bi pé wọ́n dìtẹ̀ sí i. Banjo kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ìjọba Nàìjíríà kà á sí ọlọ̀tẹ̀, Bìáfrà sì pa á bí ọ̀dàlẹ̀. Kò sí ìhà kan tí ó gbé òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀.

ÀWỌN TÍ KÒ RU ÌBỌN

Bí a bá dúró níbi tí a dé yìí, ìtàn ogun li a sọ, a kò tíì sọ ìtàn ìlú. Ìlú kì í ṣe afárá àti ààfin nìkan; àwọn ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀ ni.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ará Bìní tí kì í ṣe Ìgbò gbé lábẹ́ ọmọ ogun tí wọn kò pè. Lí àwọn ibi kan, bí ogun Bìáfrà ti ń padà lọ, wọ́n pa àwọn aláìṣẹ̀ lí ojú ọ̀nà. Nígbàtí ìjọba àpapọ̀ dé, ó yí padà. Àwọn Ìgbò tí ń gbé Bìní, olùkọ́, akọ̀wé, oníṣòwò, àwọn tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ohunkóhun nípa bí ogun ti gba afárá kọjá, li a wá ń ti ilé dé ilé. Àwọn ọmọ ogun pa nínú wọn, àwọn ará ìlú mìíràn sì tọ́ka ilé fún wọn. Ẹlòmíràn sì wà tí ó fi aládùúgbò rẹ̀ pamọ́ sí yàrá tirẹ̀. Ohun méjèèjì ṣẹlẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ogun náà kò dúró ní Bìní. Ó tọ ipasẹ̀ àwọn tí ń sá lọ títí dé Asaba. Bìáfrà kọjá sí Onitsha, wọ́n sì fọ́ afárá náà lẹ́yìn ara wọn, afárá kan náà tí wọ́n gbà wá lí oṣù kẹjọ. Àwọn ará Asaba, tí wọ́n jẹ́ Ìgbò ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ wọn kò sí ní Bìáfrà, kù sí ẹ̀yìn. Lí ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, àwọn àgbà ìlú ní kí gbogbo ènìyàn jáde, kí wọ́n wọ aṣọ funfun wọn tí í ṣe aṣọ ọ̀wọ̀, kí wọ́n jó, kí wọ́n kọrin ìṣọ̀kan Nàìjíríà, kí àwọn ọmọ ogun lè mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n jó jáde. Àwọn ọmọ ogun ya ọkùnrin àti àwọn ọmọdékùnrin sí apá kan, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún li ó kú. Ilé wà níbẹ̀ tí baba àti gbogbo ọmọkùnrin rẹ̀ kú sí lí ọjọ́ kan. Lí ọdún 2002, Ọ̀gágun Gowon lọ sí Asaba, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ogun náà parí lí oṣù kìíní ọdún 1970.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MÚ LỌ

Àwa Yorùbá ní àṣà kan nípa ogun. Ohun tí etí gbọ́ li a fi ń sọ ọ́ lí orúkọ. Nígbàtí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lu Èkó lí oṣù kejìlá ọdún 1851, àwọn ará Èkó pè é ní Ogun Àgídìngbì, nítorí bí àgbá ti ń dún. Nígbàtí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ dojú kọ ara wọn láti ọdún 1877, ìró ìbọn ńlá àwọn Èkìtì tí ó ń ké kírìjì-kírìjì li a fi pe ogun náà. Bẹ́ẹ̀ náà li ó rí fún Òrè: ìró bí ó ti le tó li a fi pa mọ́. Àwọn bàbá wa kò ṣe búburú ní ìsọlórúkọ yìí. Ẹnití ó sá wọ igbó kì í rí ogun, ó ń gbọ́ ọ ni.

Ṣùgbọ́n ìró a máa bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀. Nínú "Ó le kú, ìjà Òrè", a kò gbọ́ ohùn arúgbó Bìní tí ìlú rẹ̀ bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. A kò gbọ́ ti olùkọ́ Ìgbò tí ń bẹ lábẹ́ ibùsùn aládùúgbò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ li a kò gbọ́ ti àwọn tí ó jó jáde nínú aṣọ funfun. Síbẹ̀ ìtàn kan náà ni. A kò lè mú ìjà Òrè ṣe ìgbéraga, pé níbẹ̀ ni a ti dí ilẹ̀kùn ilé wa, kí a sì wí pé a kò mọ ohun tí ogun tí ó gba ilẹ̀kùn náà jáde lọ ṣe níwájú.

Ohun kejì ni èyí. Wọ́n gba Bìní láìjà, nítorí pé ogun gba inú ilé wọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ tí a kò ta lí ọjọ́ tí ó bọ́ li a ta ní ìlọ́po lẹ́yìn náà, lí Òrè, lí ìgboro Bìní, àti lí Asaba. Ìlú tí a bá gbà ní ìrọ̀rùn kì í rọrùn láti dì mú, àwọn tí kò gbà á, tí wọn kò sì dì í mú, ni í san gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbàtí ọmọ kan nínú kíláàsì yín bá tún wí pé, "Ó le kú, ìjà Òrè", ẹ má ṣe bá a wí, nítorí ọ̀rọ̀ rere ni, ohun ìní wa sì ni. Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ wa, kí ẹ fi ìka tọ ọ̀nà náà fún un láti afárá odò Ọya dé Asaba, láti Asaba dé Bìní, láti Bìní dé Òrè, kí ẹ sì fi ìka kan náà tọ̀ ọ́ padà títí dé Asaba. Àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà náà ni ìjà Òrè.